Ẹni tí a dì, ṣé ó lè jó? Ọ̀rọ̀ okùn, ara àti àwa ẹni wa ní Òṣogbo

Ọmọ Òròkí béèrè:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìbéèrè mi lè dà bí ìbéèrè wèrè, ẹ ṣáà gbà mí láyè. Ọmọ ọdún 26 ni mí, Òṣogbo ni mo ń gbé, mo sì ti ń jó nínú ẹgbẹ́ oníjó láti ìgbà tí mo ti wà ní yunifásítì. Èmi àti ẹnì kejì mi rí fídíò kan níbi tí àwọn èèyàn ti ń fi okùn di ara wọn, tí wọ́n sì ń jó nínú okùn náà. Wọ́n pè é ní shibari. Ó wọ̀ mí lára débi pé n kò sùn lóru ọjọ́ yẹn. Mo fi han ọ̀rẹ́ mi kan, òun náà ẹni wa ni, ìyẹn àwa queer, tí ìfẹ́ wa kì í ṣe ti ọkùnrin sí obìnrin nìkan, ó ní ìṣekúṣe òyìnbó ni, pé èèyàn dúdú kò gbọdọ̀ fi okùn ṣeré. Òmíràn ní kò sí ijó kankan níbẹ̀, pé ẹni tí wọ́n bá ti dì, ó ti parí ijó.

Ṣé òótọ́ ni? Tí kì í bá ṣe òótọ́, báwo ni mo ṣe lè bẹ̀rẹ̀ tí n kò ní ṣe ẹnì kejì mi léṣe? Mo ti ra okùn ní Ọjà Ọba, aláwọ̀ búlúù, irú èyí tí wọ́n fi ń so ẹrù mọ́ orí mọ́tò.

* * *

Ìko:

Àbúrò, okùn búlúù yẹn, fi sá aṣọ. Okùn ọ̀rá ni. Ó ń yọ̀, kókó rẹ̀ kì í dúró síbi tí o fi í sí, tó bá sì sáré gba ara èèyàn kọjá, á bó awọ bí iná. Mo mọ̀, nítorí àpá rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn ẹsẹ̀ mi. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ okùn.

Kì í ṣe gbogbo okùn dídì ni ijó. Ẹlòmíràn ń ṣe é fún ohun tó wà láàárín tọkọtaya nínú iyàrá, ẹlòmíràn ń ṣe é kí wọ́n lè ya àwòrán rẹ̀, ẹlòmíràn sì wà tó jẹ́ pé ìgbà tí okùn bá mú un dáadáa nìkan ni ọkàn rẹ̀ máa ń balẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n tí wọ́n sì fi ọ̀já gbà. N kò ní bú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ẹni tí a dì kò lè jó, kò tíì wo gángan dáadáa rí.

Kí ni gángan? Igi, awọ, àti ọṣán. Ọṣán yẹn ló so ojú ìlù kan mọ́ èkejì. Gé ọṣán, igi àti awọ lásán ló kù. Nígbà tí àyàn bá fún un lábẹ́ apá, ohùn á gòkè. Bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Dídì tí wọ́n dì í ló fún un lẹ́nu.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi okùn mú apá mi méjèèjì mọ́ ẹ̀gbẹ́, ojú tì mí. Láti kékeré ni wọ́n ti ń yìn mí pé apá mi mọ ijó. Kò wá sí apá mọ́. Ẹ̀yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà, ìbàdí ń wá ọ̀nà, ọrùn ń wá ọ̀nà. Àwọn ibi tí mo ti fi apá bò mọ́lẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá jáde síta, wọn ò sì mọ nǹkan kan. Bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn ni mo rí. Mo sunkún díẹ̀, n kò ní purọ́.

* * *

Ìko:

Èsì ti pọ̀ láti àná. Ọ̀pọ̀ yín ló ń sọ ohun kan náà pẹ̀lú ìbínú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, pé nǹkan òyìnbó ni, pé a fẹ́ fi ìwà àwọn ará òkè òkun ba ọmọ Òṣogbo jẹ́. Èyí tó wúwo jù ni ti ẹni tó pe ara rẹ̀ ní Aláàánú, òun ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dá lóhùn.

Aláàánú ní nínú gbogbo ìtàn wa, ẹni tí a bá rí nínú okùn, yálà ẹrú ni, tàbí olè, tàbí ẹran tí wọ́n fẹ́ fi rúbọ. Kò purọ́. Àwa náà rí ọmọ tí wọ́n de mọ́ òpó iná nítorí fóònù. Ẹ wá rántí tábáì. Ẹ̀yin tí ẹ kò gbọ́ ọ rí: ìyà ni, àwọn ọlọ́pàá kan máa ń fi jẹ ẹni tí wọ́n bá mú. Wọ́n á fa apá méjèèjì sẹ́yìn, wọ́n á dì í ní ìgúnpá títí àyà á fi fẹ́ẹ̀ ya, wọ́n á sì fi okùn náà gbé e rọ̀. Amnesty International ti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn wọn, kì í ṣe àhesọ.

Èmi fúnra mi kì í di apá ẹnikẹ́ni sẹ́yìn, láéláé. Ní Japan, dídì apá sẹ́yìn yìí ní orúkọ, takate kote, òun sì ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀ nǹkan. Ó rẹwà. Mo kọ̀ ọ́. Ìdí tí mo fi kọ̀ ọ́ jẹ́ ti ibí, kì í ṣe ti ibẹ̀: ara àwa tí a dàgbà sí orílẹ̀-èdè yìí mọ ohun tí apá tó wà lẹ́yìn túmọ̀ sí kí orí tó rò ó.

Ibi tí èmi àti Aláàánú ti yà nìyí. Ó rò pé okùn ni ìyà náà. Ẹni tí wọ́n fi sínú tábáì kò lè sọ pé “tú mi.” Nínú tiwa, “tú mi” ni ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń kọ́. Mo máa ń ní kí wọ́n di ọrùn ọwọ́ kan péré, kí ẹni tí wọ́n dì sọ pé “tú mi,” kí ẹnì kejì tú u lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò ní béèrè ìdí, kò ní pòṣé. Kí wọ́n ṣe é bíi ìgbà mẹ́wàá kí a tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá fà ro ní ìgbà kẹrin tí wọ́n ní kó tú okùn, má bá a ṣe é. Kódà má bá a fẹ́ra.

Ẹnì kan wà láàárín wa tí wọ́n ti fi tábáì jẹ níyà rí. Òun ló máa ń di wa, ọwọ́ rẹ̀ sì tutù bí omi àfowúrọ̀pọn, ṣùgbọ́n kò gbà kí ẹnikẹ́ni di òun. Ọdún mẹ́ta rèé. Kò sí ẹni tó bi í léèrè rí pé ìgbà wo.

* * *

Ìko:

Àwọn tó ń fi ẹsẹ Bíbélì ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, ẹ kú iṣẹ́. Ìyá mi ti ṣíwájú yín. Ní ọdún tó kọjá ó mú mi lọ sórí òkè àdúrà, olùṣọ́ ní kí a dìde kí a máa já okùn tí ọ̀tá fi so wá. Gbogbo ìjọ ń fọwọ́ já afẹ́fẹ́: “Já a! Já a! Já a!” Èmi náà ń já a. Mo kàn ń rò ó nínú pé okùn mi mẹ́rin wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nílé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sè wọ́n ni, Olúwa, jọ̀ọ́, má já àwọn yẹn.

* * *

Ìko:

Ó yá, “nǹkan òyìnbó.” Àwọn ará Japan kì í ṣe òyìnbó, àwọn ló sì ni orúkọ náà. Shibari, ní èdè wọn, dídì lásán ni. Ẹni tó ń di ẹrù náà lè lò ó. Kinbaku ni wọ́n ń pe ti ara èèyàn, ìyẹn dídì pinpin. Nígbà ayé Edo, láti 1603 dé 1868, ìmọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní hojōjutsu, tí àwọn jagunjagun fi ń de ẹni tí wọ́n bá mú. Nígbà tó yá ni ayàwòrán kan, Itō Seiu, tí wọ́n bí ní 1882 tó sì kú ní 1961, bẹ̀rẹ̀ sí í di èèyàn kó lè yà wọ́n. Òun ni ọ̀pọ̀ ń pè ní bàbá kinbaku. Aláàánú, ṣé o rí i? Àwọn náà, inú ẹ̀wọ̀n ni okùn tiwọn ti jáde. Kò sí ẹni tó gba okùn tó mọ́ láti ọwọ́ bàbá rẹ̀.

Ohun tí ẹ ó fẹ́ràn nìyí. Okùn tí wọ́n ń lò jù fún iṣẹ́ yìí, yálà hẹ́ḿpù ni tàbí jute. Ǹjẹ́ ẹ mọ igi tí jute ti ń jáde? Ewédú. Ewédú yìí gan-an, èyí tí a fi ń gbé àmàlà lọ. Ní India àti Bangladesh wọ́n ń gbin òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan, wọ́n á jẹ́ kó ga ju orí èèyàn lọ, wọ́n á gé e, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi títí èèpo rẹ̀ á fi rà, wọ́n á wá bó o. Òwú ara èèpo yẹn ni àpò ìdọ̀họ, òun náà ni okùn. Ìgbà tí mo gbọ́ èyí ni mo rẹ́rìn-ín jù. Nǹkan òyìnbó ṣe wá di ewédú?

Nípa èyí tí ìwọ ó rà: okùn òwú tó rọ̀ ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Kó nípọn tó mìlímítà 6 sí 8, kó gùn tó mítà 7 tàbí 8. Fọ̀ ọ́, sá a. Máa ká a sí méjì kó o sì bẹ̀rẹ̀ láti àárín, ojú ibi tí ó ti ká yẹn ni wọ́n ń pè ní orí okùn nínú ilé wa. Jute ní iṣẹ́ lọ́wọ́: wọ́n á sè é, wọ́n á nà án pẹ̀lú ẹrù títí á fi gbẹ, wọ́n á fi í kọjá lórí iná wéré kí irun ara rẹ̀ jó, wọ́n á fi òróró díẹ̀ pa á. Mo fi òrí pa tèmi nígbà kan. Ẹ má dán an wò. Ó lẹ̀, ó kó eruku, ilé ń rùn bí àgbo ọmọ tuntun fún oṣù kan.

* * *

Ìko:

Ẹnì kan béèrè, ó sì fi ẹ̀rín sí i, pé: “Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ni ọkọ tó ń dì, ta ni ìyàwó tí wọ́n ń dì?”

Ìbéèrè yìí ni wọ́n ń bi àwa tí wọ́n ń pè ní queer láti àárọ̀ ọjọ́. Ta ni ọkọ? Ta ni ìyàwó? Bí ẹni pé láìsí ọkọ, omi kò ní hó. Mo fẹ́ràn okùn nítorí pé kò mọ ìdáhùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi ni mo dì. Lónìí wọ́n dì mí. Ìgbà mìíràn, a ò mọ ẹni tó ń di ẹnì kejì: ẹni tí wọ́n dì bá yí ìbàdí padà, okùn á fà, ẹni tó mú okùn á ṣubú síwájú, òun ni wọ́n wá ń darí. Èyí ni ohun tí àwọn kan nínú ẹni wa pàápàá kò fẹ́ gbọ́. Wọ́n fẹ́ kí ẹni tó ń dì jẹ́ ọ̀gá, kó máa rìn bí ọ̀gá, kí ẹni tí wọ́n dì máa wo ilẹ̀. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, tó sì tẹ́ yín lọ́rùn, ìyẹn jẹ́ tiyín. Àmọ́ tó bá jẹ́ ijó lo ń wá, ẹni tí wọ́n dì ni oníjó. Ẹni tó ń dì ni àyàn. Ẹ bi àyàn kankan ní ìlú yìí léèrè, yóò sọ fún yín ẹni tó ń tẹ̀lé ẹnì kejì nígbà tí ijó bá gbóná.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka gbogbo “ó” tí mo kọ, tí ẹ ń wá bóyá akọ ni tàbí abo, ẹ máa wá a lọ. Èdè yìí ti bá mi tọ́jú rẹ̀.

* * *

Ìko:

Ọmọ Òròkí, o béèrè bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa sì ti sọ ọ̀rọ̀ lọ síbòmíràn. Má bínú.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, má so kókó kankan. Kí ìwọ di etí okùn kan mú, kí ẹnì kejì rẹ di etí kejì mú. Ẹ fà á títí kò fi ní dẹ̀ mọ́. Kí ẹ wá máa fi ara yín sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi jẹ́ pé okùn nìkan ló gbé yín dúró, tí ẹnì kan bá jù ú sílẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì á ṣubú. Ẹ rìn bẹ́ẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ dìde. Ẹ ó gbọ́ ìwúwo ara yín láti inú okùn, ẹ ó mọ ìgbà tí ẹnì kejì ń ronú nǹkan mìíràn. Steve Paxton bẹ̀rẹ̀ irú ijó bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1972, contact improvisation, níbi tí oníjó méjì ti ń fi ìwúwo ara wọn bá ara wọn sọ̀rọ̀, láìsí okùn. Ẹ̀kọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ oníjó gbé wọ inú okùn, bíi Dasniya Sommer ní Jámánì, tó jẹ́ pé ijó ballet ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo tún rántí àwọn méjì kan ní New York, Linda Montano àti Tehching Hsieh, tí wọ́n so ara wọn pọ̀ ní ìbàdí pẹ̀lú okùn tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ fún ọdún kan gbáko, láti 1983 sí 1984, tí wọ́n sì fi ṣe òfin pé àwọn kò ní fara kan ara wọn. Ọdún kan! Èmi àti ẹnì kejì mi dán an wò fún ọjọ́ Sátidé kan péré, kí aago méjì tó lù a ti jà lórí ẹni tó máa lọ bu omi.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ọrùn ọwọ́ kan. Yí okùn ká a ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ, má jẹ́ kó jẹ́ ìlà kan tín-ínrín tó ń gé ara. Ìka rẹ méjì gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ rẹ̀. Kókó tí kì í fún mọ́ra nígbà tí wọ́n bá fà á ni kó o kọ́, kì í ṣe èyí tí a fi ń so ewúrẹ́, tó jẹ́ pé bó ṣe ń jà ni ó ń fún un. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kó jó. Fi ìyókù okùn náà darí ọwọ́ yẹn, bí ẹni tó ń bi í ní ìbéèrè. Tí kò bá fẹ́ dáhùn, dúró.

Kí ẹ lọ́ra. Kò sí ẹni tó ń lé yín.

* * *

Ìko:

Mo fẹ́ bá ẹni tó kọ èsì ní ọ̀gànjọ́ òru wí, ẹni tó ní òun ti kọ́ gbogbo rẹ̀ lórí fóònù láàárín ọjọ́ méjì, tó ní kí Ọmọ Òròkí gbé ẹnì kejì rẹ̀ rọ̀ mọ́ ìkọ́ fáànù nítorí “ibẹ̀ ni ẹwà rẹ̀ wà.”

Ìkọ́ fáànù! Ilé tí o ń gbé, ṣé o mọ ẹni tó kan igi àjà rẹ̀? Ṣé o mọ ohun tí ikán ti jẹ níbẹ̀? Fáànù ni wọ́n ṣe ìkọ́ yẹn fún, kì í ṣe èèyàn tó ń fì. Àwọn tó ń rọ èèyàn sókè kọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ ọdún lábẹ́ olùkọ́, wọ́n sì ń ṣèṣe síbẹ̀. Ní tèmi, ilẹ̀ ti tó. Ilẹ̀ ń gba ìwúwo, ilẹ̀ ń dá a padà. Ìdajì ijó Yorùbá, orí ìkúnlẹ̀ àti ìbẹ̀rẹ̀ ló wà.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ìrọ̀lẹ́ kan ni, ìlù ń lọ lórí ẹ̀rọ, ara mi ti wọ̀ ọ́. Mo di ẹnì kejì mi ní apá, ní òkè ìgúnpá, ọwọ́ wà níwájú, mo rò pé ó dára. Okùn yọ̀ díẹ̀, ó lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìta apá, níbi tí iṣan ìmọ̀lára kan ti súnmọ́ egungun gan-an. Ó ní ọwọ́ òun ń ṣe bí ẹni tí èèrùn ń rìn lórí rẹ̀. Mo ní, “Fara dà á, orin ti fẹ́ parí.” Ẹnu mi ló ti jáde. Nígbà tí mo tú u, kò lè gbé ọrùn ọwọ́ sókè. Ọwọ́ rọ̀ wálẹ̀ bí ewé tí oòrùn pa. Ní ilé ìwòsàn, dókítà wò ó, ó ní, “Ṣé o sùn lé apá yìí ni?” Ẹni tó bá mutí yó tó fi apá kọ́ ẹ̀yìn àga sùn máa ń jí bá irú rẹ̀, iṣan kan náà ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun sùn lé e. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó padà bọ̀ sípò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi ń bá a di bọ́tìnnì.

Ẹ gbọ́ èyí, ẹ̀yin tó ń sọ pé kí a máa wò ó bóyá ọwọ́ ti tutù tàbí ó ti yí àwọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó há, ẹ ó rí i pẹ̀lú ojú, ó sì máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó di wàhálà. Iṣan tí okùn tẹ̀ kì í pariwo, ó sì lè bàjẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, nígbà tí ọwọ́ ṣì gbóná. Nítorí náà, máa ní kó gbé ọrùn ọwọ́ sókè sẹ́yìn bí ẹni tó ń dá ọkọ̀ dúró, kó fi àtàǹpàkò kan ìka ọmọńdinrin. Tí kò bá lè ṣe é, tàbí tó ń kú tipiri, tú u kó o tó mí èémí kejì. Má fi okùn sí ọrùn, kódà fún àwòrán. Má fi ẹni tí o dì sílẹ̀ lọ wo ìkòkò lórí iná. Kí àlùmọ́gàjí wà nítòsí, irú tàwọn nọ́ọ̀sì tí ẹnu rẹ̀ kú, tí kò lè gún èèyàn, kó o sì ṣetán láti fi gé okùn tó o rà lówó gọbọi. Ẹni tó ti mutí, kí ó máa wòran.

Ẹnì kan ní gbogbo ìkìlọ̀ yìí ń pa adùn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni akọ̀pẹ ṣe máa ń tú igbà rẹ̀ wò ní gbogbo àárọ̀, ẹmu sì ń dùn.

* * *

Ìko:

Ọ̀rọ̀ ibi tí a ti ń ṣe é. Mo rí i pé ẹ̀yin kan ń sọ fún Ọmọ Òròkí pé kó ṣí ojú-ewé, kó pe èèyàn, kó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹ rọra. Òfin Nàìjíríà tí wọ́n bu ọwọ́ lù ní January 2014 kò fi mọ sí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin tí wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lé. Ó ní ẹ̀wọ̀n ọdún 10 fún ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ wa sílẹ̀ tàbí tó kópa nínú rẹ̀, àti fún ẹni tó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Toronto tí ẹ ń sọ pé kí a “fi ìgboyà jáde,” ẹ ṣeun, ẹ máa rán owó lọ́yà sílẹ̀.

Kito sì wà, ìyẹn àwọn tó ń fi ìfẹ́ ẹ̀tàn tan ẹni wa jáde láti jà wọ́n lólè tàbí láti fi àṣírí wọn gba owó. Ẹni tó bá fi àwòrán okùn ránṣẹ́ sí ọ láìmọ̀ ọ́ rí, tó ní kí o wá sí ilé òun kó lè kọ́ ọ, má lọ. Ronú rẹ̀: o fẹ́ fún àjèjì láyè láti dè ọ́, fóònù rẹ wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ẹ ti jọ jẹun, tí o mọ ilé rẹ̀, tí ẹnì kẹta sì mọ ibi tí ẹ wà, ni kó o bá ṣe é. Gbogbo wa, fóònù ń wọ inú kúlà kí okùn tó jáde nínú àpò. Ẹni tó bá fẹ́ ya fídíò, ẹsẹ̀ àti ọwọ́ nìkan, kò sí ojú, kò sí ilà, kò sí kọ́tìnì tí ará àdúgbò lè dá mọ̀. Lánlọ́ọ̀dù wa rò pé eré ìdárayá la ń ṣe, nítorí ẹní tí a máa ń tẹ́. Kò jìnnà sí òótọ́.

* * *

Ìko:

Ẹni tó pe ara rẹ̀ ní Aró béèrè bóyá a lè gbé e síta gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà, ó ní Òṣogbo ni ìlú tí wọ́n ti ṣí Mbari Mbayo, ilé àwọn oníṣẹ́ ọnà, ní 1962, ìlú tí Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn bíi Adébísí Àkànjí ti fi sìmẹ́ńtì mọ ère tí ẹnikẹ́ni kò rí irú rẹ̀ rí sínú igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO sì wá kọ ọ́ mọ́ ibi ogún àgbáyé ní 2005. Ó ní bí ìlú bá gba ìyẹn, á gba tiwa.

Ọ̀rẹ́, wọn kì í mú ère lọ sẹ́wọ̀n.

Ṣùgbọ́n mo gbà pẹ̀lú rẹ ní ibì kan. Ìyá àgbà mi, àdìrẹ oníko ló ṣe títí ojú rẹ̀ fi di. Ó máa ń fi ìko so aṣọ ní wóró wóró, á dì í títí eyín rẹ̀ á fi bá a dá sí i, á rì í sínú ìkòkò aró, á gbé e jáde ní àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ á sọ ọ́ di dúdú lójú wa. Á tún rì í. Ọjọ́ tó bá tú u ni a máa ń dúró dè. Ibi tí ìko ti mú un jù, ibẹ̀ ló funfun jù. Òun ló kọ́ mi ní bí ọwọ́ ṣe ń mọ ìgbà tí okùn ti tó. Èmi kò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni. Ìdí orúkọ tí mo ń jẹ́ níbí nìyẹn. Nígbà tí mo bá tú okùn lára ẹnì kejì mi, tí ìlà rẹ̀ ṣì wà lára awọ, a máa ń jókòó wò ó títí á fi parẹ́. Ó máa ń tó wákàtí kan. Aṣọ tí a kò rì sínú aró.

A ti gbé e síta rí, lẹ́ẹ̀kan, níwájú èèyàn tí kò tó ogójì. Kò sí okùn. Ọ̀já méjì ni, funfun, èyí tí wọ́n fi ń pọn ọmọ. Oníjó méjì, ọ̀já so wọ́n ní ìbàdí, wọ́n ń gbé ara wọn pọ̀n ní pàṣípààrọ̀: èyí pọn tọ̀hún, tọ̀hún pọn èyí, kò sí ẹni tó jẹ́ ìyá, kò sí ẹni tó jẹ́ ọmọ. A kò kọ ohunkóhun sára ìwé. Ìyá arúgbó kan dìde lẹ́yìn rẹ̀, ó ní òun ti rí i, ìbejì ni, èyí tó kú àti èyí tó kù. Ó fi igba náírà mọ́ wa níwájú orí. Àwọn ẹni wa tó jókòó lẹ́yìn ń wo ara wọn, àwọn mọ ohun mìíràn tí àwọn rí. N kò rò pé ìyá yẹn ṣì í, n kò sì rò pé àwa ṣì í.

Bóyá ó pọ̀ tó fún Aró, n kò mọ̀. Ó ní ìbòjú ni. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́.

* * *

Ọmọ Òròkí:

Ẹ̀gbọ́n Ìko, ẹ ṣeun. A ṣe ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn, ti pé kí a fà á. Okùn òwú la lò. A ṣubú ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀rín kò jẹ́ ká lè dìde. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí n kò lè sọ, ó dà bí ẹni pé okùn náà dákẹ́. A wà bẹ́ẹ̀ títí NEPA fi mú iná. Ìbéèrè kan ló kù: mo fọ okùn náà, mo fẹ́ sá a. Ilé ojú-kò-jú ni a ń gbé, okùn àwọn ìyá ilé ló wà lẹ́yìnkùlé. Mítà mẹ́jọ lọ́nà mẹ́rin. Kí ni n ó sọ tí wọ́n bá bi mí?

* * *

Ìko:

Sá a kí oòrùn tó le, so òkúta mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó lè nà. Tí ìyá kan bá bi ọ́, sọ fún un pé àdìrẹ lo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́. Ní Òṣogbo yìí, á ní kí o dúró, á wọlé lọ mú tirẹ̀ jáde, á sì fi hàn ọ́ pé bí o ṣe ká a yẹn kò dára.